SÀKÁ NÍ ÒṢÙWỌ̀N, KÍ ÀLÒTÚNLÒ NÁÀ NÍ ÒṢÙWỌ̀N



Kò sí oníṣòwò Mùsùlùmí kan tí kò mọ̀ pé sàká kì í ṣe ọ̀rọ̀ "n ó gbìyànjú". Ọlọ́hun Ọba kò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti máa fi ojú díwọ̀n. Bí ọrọ̀ ọjà bá pé iye tí òfin là sílẹ̀, tí ọdún kan sì yí po lé e lórí, ìdá kan nínú 40 ni ẹni tí ó ni ín yóò yọ. Iye wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, àwọn tí a yàn láti gbà á wà níbẹ̀, àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì, tí ó kàn ń ju owó sílẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú, ó ṣe ìtọrẹ, ṣùgbọ́n kò yọ sàká.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ni pé òṣùwọ̀n yìí kan náà ni a fẹ́ fi wọn ìlérí méjì tí orílẹ̀-èdè wa ti ṣe lójú gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti ní òǹkà. Èkejì ṣì wà lórí ahọ́n.

Ìlérí tí ó ní òǹkà

Ìlérí kìíní ni ti èéfín tí ń mú ayé gbóná. Ní 2021, Nàìjíríà mú ìwé lọ síwájú Àjọ Àgbáyé pé kí 2030 tó parí, òun yóò dín èéfín náà kù ní ìdá 20 nínú 100 sí iye tí ìbá jẹ́ bí a bá káwọ́ gbera, àti pé bí àwọn orílẹ̀-èdè olówó bá ràn wá lọ́wọ́, yóò di ìdá 47. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ní ìlú Glasgow, olóògbé Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di 2060, èéfín tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju èyí tí a lè fà padà kúrò níbẹ̀ lọ. Kí oṣù náà tó parí ni ó fọwọ́ sí òfin ìyípadà ojú ọjọ́. Òfin yìí dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún un, kódà ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan ẹnìkan sí i. Ní 2025, ìjọba tún mú ìwé mìíràn lọ tí ó gbé òǹkà náà dé 2035.

Kì í ṣe pé a ń sọ pé ìlérí yìí ti ṣẹ. Ohun tí à ń sọ ni pé iye wà, ọjọ́ wà, ẹni tí a lè pè kí ó wá jíhìn sì wà. Bí ọjọ́ bá pé tí a kò bá rí i, a mọ ibi tí a ó lọ béèrè.

Ìlérí tí ó wà lórí ahọ́n

Ìlérí kejì ni ti àlòtúnlò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà ìgbálẹ̀ lásán. Ó jẹ́ pé kí gbogbo ètò ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè má ṣe máa lọ tààrà láti oko àti ibi ìwakùsà dé orí ààtàn. Kí a ṣe nǹkan kí ó lálòpẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, kí a tún un ṣe. Bí ẹni kìíní bá lò ó tán, kí ẹlòmíràn lò ó. Bí kò bá wúlò mọ́, kí a yọ́ ọ tàbí kí a lọ̀ ọ́, kí ó di nǹkan mìíràn. Èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ nínú rẹ̀, kí ó padà di oúnjẹ ẹran tàbí ajílẹ̀.

Ní 2017, ní ìlú Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, Nàìjíríà pẹ̀lú Rùwáńdà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ṣíwájú láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní Áfíríkà. Ní 2020, Ìjọba Àpapọ̀ kọ ìwé ètò lórí ike àti ìdọ̀tí. Ìlànà wà fún bátìrì, ìlànà wà fún ẹ̀rọ oníná, ìlànà sì wà fún ike. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fọ́n káàkiri bí ọ̀kà tí àpò rẹ̀ lu. Bí a bá bi ìyálọ́jà kan ní Àgọ́sáṣá, ní Ìlaròó tàbí ní Ayétòrò pé nínú 100 ike tí ó jáde lónìí, mélòó ni orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí ó padà wá fún ìlò, àti ní ọdún wo, kò lè dáhùn. Àwọn tí ó ń ṣèjọba lé e lórí pẹ̀lú yóò kọ́kọ́ wá ìwé kiri. Ilẹ̀ Họ́láńdì ṣe tiwọn ní ọ̀nà mìíràn. Ní 2016 ni wọ́n là á sílẹ̀ pé kí ó tó di 2030, ìdajì ohun àmúṣe tí wọ́n ń wà tuntun láti inú ilẹ̀ ni àwọn yóò dín kù, àti pé ní 2050 kí gbogbo rẹ̀ di àlòtúnlò. Ọmọ ilé-ìwé lè kà á sórí. Bí wọn kò bá dé ibẹ̀, ọmọ náà yóò mọ̀ pé wọn kò dé ibẹ̀.

Ìdí tí méjèèjì fi gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé kan

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ó kan èéfín nínú ọ̀rọ̀ ààtàn? Ó kàn án gidigidi. Ní 2019, àjọ Ellen MacArthur Foundation ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò pé bí gbogbo ayé bá tilẹ̀ fi iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ rọ́pò epo àti èédú, tí wọn kò sì fi agbára ṣòfò, ìdá 55 nínú 100 èéfín ni èyí lè mú kúrò. Ìdá 45 tí ó kù wà nínú bí a ti ń ṣe nǹkan àti bí a ti ń lò ó: irin, sìmẹ́ńtì, ike, aṣọ àti oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dín èéfín kù láìka nǹkan tí a ń kó dànù, ó dà bí ẹni tí ó ń ka owó tí ó wọlé tí kò ka èyí tí ó jáde. Kò sí oníṣòwò tí yóò pe èyí ní ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí àdúgbò wa. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá àti ike. Bí a bá dáná sun wọ́n lẹ́yìn ọjà ní ìrọ̀lẹ́, epo náà ni a sun, májèlé sì wà nínú èéfín rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó ń mí in símú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a kó jọ gègèrè sí ẹ̀yìn ibi ìdin-gàrí, bí ó ti ń rà nísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì kan ń ti ibẹ̀ jáde tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 28 ti èéfín iná, bí a bá fi 100 ọdún wọ̀n ọ́n. Orílẹ̀-èdè wa yìí sì ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí àgbáyé fún ẹran ọ̀sìn, ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà, tí a fún omi rẹ̀ kúrò, tí a sá a, yóò di oúnjẹ ẹran gidi tí ènìyàn lè tà. Ohun tí ń rùn lẹ́yìn ilé di owó, gáàsì náà kò sì jáde.

Bákan náà ni àwọn tí ó ń da ìkòkò láti ara àlòkù àlùmíníọ́mù. Yíyọ́ àlòkù rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 agbára tí a fi ń yọ tuntun jáde láti inú òkúta. Àwọn ìyá wa tí ó ń ṣe ọṣẹ dúdú pẹ̀lú, eérú èèpo kòkó àti ti ìdì ẹyìn tí a ti ṣa ẹyìn kúrò lára rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Èèpo líle ara ẹkùrọ́ tí wọ́n fi ń dáná láti ayébáyé, òun náà ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ti ń kó sínú iná ìléru rẹ̀. Iṣẹ́ àlòtúnlò kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yewa. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò kà á, tí yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀sìn wa kò sì ṣe àjèjì sí i. Àlùkùránì kìlọ̀ fún wa pé kí a jẹ kí a mu, kí a má ṣe ná nǹkan ní ìnákúnàá, ó sì pe onínàákúnàá ní arákùnrin èṣù. A gbà á wá nínú hádíìsì pé Ànábì Muhammadu (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lára àgùntàn kan tí ó kú, tí wọ́n ti jù dànù. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi bó awọ rẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ fún ìlò. Wọ́n ní òkú ni. Ó dá wọn lóhùn pé jíjẹ rẹ̀ nìkan ni ó di èèwọ̀. Ẹ wo ìmọ̀ inú ọ̀rọ̀ náà: ohun tí ó di hárámù ní ọ̀nà kan ṣì ní àǹfààní ní ọ̀nà mìíràn.

Àwa ará ẹnu ibodè

Ọ̀ràn yìí kan àwa ará ẹnu ibodè ju ẹlòmíràn lọ. Ní 2017, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe, kó wọlé, tà tàbí lo ọ̀rá tí kì í jẹrà. Ní oṣù kìíní 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun tí a fi ń bu oúnjẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2025, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí mú òfin ṣẹ lórí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ike àlòsọnù mìíràn. Àgọ́sáṣá sì wà láàrin àwọn méjèèjì. Ọ̀rá kan náà tí ìyá alátẹ fi di iyọ̀ fún oníbàárà ní ọjà wa di ẹrù òfin bí oníbàárà náà bá gbé e gba Ìdí-Ìrókò dé Ìgólò. Bí ó bá gbé e gba ọ̀nà Èkó, ọ̀rọ̀ lè tún wà níbẹ̀.

Ta ni ó ń jìyà nínú èyí? Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọ̀rá náà. Obìnrin tí ó gbé igbá lórí ni, ẹni tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà, tí ó san owó tí kò ní ìwé. Níbi tí òfin kò bá dọ́gba, onífàyàwọ́ ni ó ń jèrè. Ọjà tí wọ́n bá sì lé kúrò ní ibì kan, ibi tí a kò ti lé e ni yóò sá wá. Bí Àbújá kò bá fi òǹkà kan lélẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì bá àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ sọ ọ́ kí tiwa àti tiwọn lè bára mu, ẹ̀yìnkùlé wa ni yóò di ààtàn fún ọ̀tún àti òsì.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ tún ńkọ́? A kò bú tòkunbọ̀, nítorí lílo ohun tí ẹlòmíràn ti lò jẹ́ àlòtúnlò pẹ̀lú, òun ni ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Àgbáyé àti ibùdó àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn ṣe ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, èyí tí ó sì lé ní 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn tí ó kó o ránṣẹ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn pé àwọn ti fún ẹlòmíràn lò. Ilẹ̀ tiwa ni ó kú sí. Òǹkà wọn pé nítorí pé àwa kò ní òǹkà. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ bá sì ń ta fíríìjì tí ẹ mọ̀ pé kò lè tutù mọ́, ẹ rántí oníṣòwò ọkà tí Ànábì wa ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà rẹ̀, tí ó bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó bá a wí, ó sì yọ ẹni tí ó bá ń rẹ́ ènìyàn jẹ kúrò lára àwọn tirẹ̀.

Òṣùwọ̀n èké

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá pè ní àlòtúnlò ni ó mọ́. Ní Ògíjò, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, àwọn ilé-iṣẹ́ wà tí ó ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ àlòkù. Ní 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, ọmọdé wà nínú wọn. Ìjọba Àpapọ̀ ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa níbẹ̀ lọ́dún náà. Òjé kì í ṣe ohun eré. Ó máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ohun tí ó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà sípò.

Nítorí náà, bí ìjọba bá fi òǹkà lélẹ̀ pé tọ́ọ̀nù bátìrì báyìí ni a fẹ́ yọ́, tí kò sì ka òjé tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ aládùúgbò, òṣùwọ̀n èké ni. Àlùkùránì ní súrà tí ó dá dúró lórí àwọn tí ó ń dín òṣùwọ̀n kù, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ni ègbé fún wọn. Òfin ẹ̀sìn wa pẹ̀lú kò gbà kí a fi ìnira kan ẹlòmíràn nítorí àǹfààní tiwa.

Ohun tí à ń béèrè

A bẹ Ìjọba Àpapọ̀, a bẹ àwọn aṣòfin wa, a sì bẹ ìgbìmọ̀ tí òfin 2021 dá sílẹ̀, kí wọ́n ṣe fún àlòtúnlò bí wọ́n ti ṣe fún èéfín, kí wọ́n sì kọ méjèèjì sójú ìwé kan náà.

Ìkíní, kí iye wà: mélòó nínú 100 ike ni yóò padà, mélòó nínú 100 ìdọ̀tí oúnjẹ ni kò gbọ́dọ̀ dé ààtàn mọ́, mélòó nínú ẹ̀rọ àlòkù ni a gbọ́dọ̀ tú palẹ̀ lọ́nà tí kò pa ènìyàn lára. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ohun tí ó wà nílẹ̀ ná, láti Ìpókíá dé Máídúgùrí, nítorí ẹni tí kò mọ iye tí ó ní kò lè mọ iye tí ó dín kù.

Ìkejì, kí ọjọ́ wà: 2030, 2035 àti 2060 tí a ti dá fún èéfín, kí wọ́n jẹ́ ti àlòtúnlò pẹ̀lú, kí ìròyìn méjèèjì sì máa jáde pọ̀.

Ìkẹta, kí ẹni tí ń kà á wà, láti Àbújá dé ìjọba ìbílẹ̀, kí ìbẹ̀wò sí ilé ìyọ́rin àti ilé ìyọ́ bátìrì sì jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀.

Ìkẹrin, kí ẹ̀tọ́ dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́lá-bọ́lá tí ó ń ti ọmọlanke kiri, tí ó ń ṣa irin àti ike, àti àwọn obìnrin ibi ìdin-gàrí, àwọn ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ìwé ètò kankan tó dé. Kí wọ́n wà lára àwọn tí a ó fi owó ètò náà ràn lọ́wọ́, kí a má ṣe lé wọn kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tí ó bá di ọlọ́rọ̀. Kí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọ̀rá àti ike san owó àkójọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà NESREA ti wí. Kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ òfin láti orí igbá aláta.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn olówó ni, pé Áfíríkà lápapọ̀ kò tú ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 èéfín ayé. Òdodo ni, a sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san tiwọn. Ṣùgbọ́n omíyalé 2022 tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, tí ó sì lé 1,400,000 kúrò nílé, kò béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi kí ó tó wọlé. Ọ̀rá tí ó dí ojú gọ́tà wa, àwa ni a sọ ọ́ síbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ kò bá tilẹ̀ yí padà rárá, àǹfààní ni fún tálákà kí ohun tí ó ti fi owó rà má tètè di ìdọ̀tí.

Ilé wa ńkọ́?

Ẹni tí ó bá ń bá ìjọba wí, kí ó gbá iwájú ilé tirẹ̀ pẹ̀lú. Níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, fìdáù àti ìpadàbọ̀ láti Hájì, ike àlòsọnù ni a fi ń pín oúnjẹ fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá ṣínu tán nínú oṣù Ràmàdáánì, ọ̀rá omi a máa bo àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Ànábì wa kọ̀ fún sahábà rẹ̀ láti fi omi ṣòfò nídìí àlùwàlá, kódà bí ó wà létí odò tí ń ṣàn, ó sì ka mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́.

A rọ ẹ̀yin Lèmọ́mù wa kí ẹ fi wáàsí jímọ̀ kan sọ ọ̀rọ̀ yìí. A rọ ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàláátù kí ẹ ra abọ́ àti ife tí a lè fọ̀, kí ẹ máa fi wọ́n háyà fún àwọn onínàáwó. Owó ẹgbẹ́ yóò ti ibẹ̀ wọlé. A rọ ẹ̀yin ìyálọ́jà kí ẹ ya ibì kan sọ́tọ̀ nínú ọjà fún ọ̀rá àti ike, kí ẹ bá àwọn bọ́lá-bọ́lá dá ọjọ́ tí wọn yóò máa wá kó o, kí ẹ sì máa kọ iye àpò tí ó jáde sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ọjà wa yóò ní òǹkà tirẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà náà ni a ó lè gbé ìwé wa dé ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá, kí a wí pé: tiwa rèé, ẹ mú tiyín wá.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn olórí wa ní ọgbọ́n láti ṣe é, kí ó fún àwa náà ní agbára láti ṣe ìpín tiwa, kí ó sì fi àlùbáríkà sí ọjà wa. Àmín.